TA NI Ó Ń DÚRÓ DÈ Ọ́ LẸ́YÌN ILẸ̀KÙN?

Ibi kíkà: Jòhánù 10:1–11

Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé, "Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn tó ṣí ló yẹ kí o wọ̀." Ṣé ẹ ti sọ ọ́? Ẹ jókòó.

Àdúrà tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ará wa ni "Olúwa, ṣílẹ̀kùn fún mi." Ilẹ̀kùn iṣẹ́, ilẹ̀kùn ìgbéyàwó, ilẹ̀kùn òkè òkun. Àdúrà tó dára ni. Ṣùgbọ́n lónìí, mo fẹ́ kí a fi fíìmù kan yẹ àdúrà náà wò.

Ní 2005 ni The Chronicles of Narnia: The Lion, the Witch and the Wardrobe jáde. Andrew Adamson, ọmọ New Zealand, ló darí rẹ̀. Inú ìwé tí C. S. Lewis gbé jáde ní 1950 ni wọ́n ti mú un. Olùkọ́ ní Yunifásítì Oxford ni Lewis. Ó ti fìgbà kan sọ pé kò sí Ọlọ́run, kó tó padà sínú ìgbàgbọ́ Kristẹni ní 1931.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń kùn: "Pásítọ̀, fíìmù tó ní àjẹ́ nínú kẹ̀?" Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀tá ni àjẹ́ inú ìtàn yìí, wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀. Àbí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí wa ni? D. O. Fágúnwà, olùkọ́ tó jẹ́ Kristẹni, ti mú àwa Yorùbá wọ Igbó Irúnmalẹ̀ láti 1938, a sì fi kọ́gbọ́n.

Ọmọ ìyá mẹ́rin ni wọ́n: Peter, Susan, Edmund àti Lucy. Ogun Hítílà ń lọ lọ́wọ́, bọ́ǹbù ń dún ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n bá kó àwọn ọmọ lọ sí ìgbèríko. Níbẹ̀, wọ́n ń ṣe eré bojúbojú. Lucy, àbíkẹ́yìn, sá pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ńlá kan. Ó ń fẹ̀yìn rìn láàárín àwọn kóòtù onírun, ó rò pé pákó ni òun máa kàn. Yìnyín ló tẹ̀! Ó ti dé ayé mìíràn, Narnia.

Ẹ fetí sí mi dáadáa. Lucy gba ilẹ̀kùn yẹn wọlé, ọ̀rẹ́ ló rí. Tumnus, ìdajì ènìyàn, ìdajì ewúrẹ́, ló pàdé. Ó yẹ kó fà á lé Àjẹ́ Funfun lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á, ó sì sìn ín padà. Edmund gba ilẹ̀kùn kan náà, àjẹ́ fúnra rẹ̀ ló pàdé. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo o!

Àjẹ́ kò na Edmund. Ó fún un ní ohun mímu gbígbóná àti àdídùn tí wọ́n ń pè ní Turkish Delight, ó sì ṣèlérí adé fún un. Kí ló wá béèrè? Kó lọ mú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ wá. Ẹ má fi Edmund ṣe yẹ̀yẹ́ o. Nígbà tí ìwé náà jáde, ìwọ̀n ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń pín àdídùn fún aráàlú. Ó di 1953 kí ìyẹn tó dópin. Ohun tó wọ́n lọ́dọ̀ rẹ gan-an ni ọ̀tá máa gbé síwájú rẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní 2003, ọdún kan lẹ́yìn tí mo jáde ní yunifásítì, kò síṣẹ́. Ọkùnrin kan ní òun á mú mi dé Yúróòpù. Ó ń ra oúnjẹ fún mi, ó ń pè mí ní ọ̀gá ọ̀la. Ìgbà tó yá, ó ní bí mo bá mú ẹnìkan kún un, owó tèmi á dín kù. Ta ni mo mú? Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń kọ́. Owó tó ń tù jọ fún fírídọ́ọ̀mù rẹ̀, mo rọ̀ ọ́ títí ó fi kó o sílẹ̀. Ọkùnrin yẹn gbé e sá lọ. Nígbà tí Màmá wa béèrè, mo ní mi ò mọ nǹkan kan, àbúrò mi ló fẹ́ lọ.

Edmund náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti dé Narnia fúnra rẹ̀, ó padà wá sọ pé eré lásán ni àwọn ń ṣe. Lucy sunkún. Ọjọ́ tí èmi àtàwọn ọmọ mi ń wo ibẹ̀ yẹn, mi ò lè jókòó mọ́. Mo jáde sẹ́yìn ilé, mo pe àbúrò mi, mo jẹ́wọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Èmi ni mo bẹ Màmá pé kí wọ́n má bi yín mọ́."

Ẹ gbọ́, ará! Nígbà tí àjẹ́ ní ẹ̀jẹ̀ ọ̀dàlẹ̀ jẹ́ ti òun, Aslan, kìnnìún náà, fi ara rẹ̀ dípò Edmund. Wọ́n pa á lórí tábìlì òkúta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti jí. Ẹ mọ Ẹni tí ìyẹn ń tọ́ka sí. Ibi tó wọ̀ mí lára jù nìyí: ìtẹ́ mẹ́rin ló ti wà ní Cair Paravel tẹ́lẹ̀. Ti Edmund wà níbẹ̀! Ipò tó fẹ́ ta àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ nítorí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ wọn ni wọ́n tẹ́ ẹ sí.

Nítorí náà, ìwọ tí ilẹ̀kùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fún, bi ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ta ni ẹ ní kí n mú wá?" Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin wa tí wọ́n kó lọ sí Ítálì àti Líbíà, ojúlùmọ̀ ló mú wọn lọ. Ìjọba dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ ní 2003 nítorí òwò yìí, kò sì tíì tán nílẹ̀. Jésù pe ara rẹ̀ ní ilẹ̀kùn, ó sì sọ ìyàtọ̀ fún wa nínú ibi kíkà wa: olè ń wá gba tìrẹ, olùṣọ́-àgùntàn rere ń fi tirẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ dìde dúró. Bí o bá ti ta ẹnìkan nítorí ilẹ̀kùn kan, má tíì gbàdúrà ilẹ̀kùn mìíràn. Kọ́kọ́ pe ẹni náà lónìí. Wàyí o, ẹ gbóhùn sókè: "Olúwa, ilẹ̀kùn tí wọ́n ní kí n fi ará mi san owó rẹ̀, tì í pa! Èyí tí ìwọ ti san, mú mi wọ̀ ọ́!" Lórúkọ Jésù. Àmín.