OWÓ ÌLÚ ÀTI IṢẸ́ ÌMỌ̀ NÍ ILẸ̀ YÚRÓÒPÙ
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé àwọn ọmọ Ẹgbẹ́

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ará Yúróòpù ti ń fi owó ìlú bọ́ ìwádìí ìmọ̀, pàápàá ìmọ̀ àwọn ohun tíntínní tí ojú kò lè rí, ìmọ̀ àwọn ohun èlò titun, àti ọgbọ́n tí a fi ń ṣe ọjà jáde ní ilé-iṣẹ́ ńlá. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ń wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, Kí ni èyí kàn wá? Mo bẹ̀ yín, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Gbogbo wa ni a máa ń yin ọgbọ́n òyìnbó. Ṣùgbọ́n a kì í sábà bèèrè ẹni tí ń san owó ọgbọ́n náà, iye ọdún tí ó ti ń san án, àti òfin tí ó fi ń san án. Ìbéèrè yìí gan-an ni mo fẹ́ dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wí. Bí a bá mú ọ̀pá tí ó gùn ní mítà kan, tí a sì pín in sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan lọ́gbọọgba, ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni à ń pè ní nánómítà. Ẹyọ irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bí 80,000 nánómítà. Ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní nanotechnology ni ọgbọ́n àtimú ohun tí ó wà láàárín nánómítà 1 sí 100, kí a sì fi í ṣe iṣẹ́. Ìdí tí àwọn onímọ̀ fi ń lépa rẹ̀ ni pé, bí nǹkan bá kéré tó bẹ́ẹ̀, ìwà rẹ̀ a máa yí padà. Wúrà tí gbogbo wa mọ àwọ̀ rẹ̀, bí ó bá kéré dé ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ nínú omi, a máa pọ́n bí ọtí wáìnì.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Ní ọdún 2004, ní Yunifásítì Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọkùnrin méjì tí a bí ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Andre Geim àti Konstantin Novoselov, mú graphite, èyí tí í ṣe ohun dúdú inú pẹ́ńsù ìkọ̀wé. Wọ́n fi téèpù alẹ̀mọ́ bó o, wọ́n tún bó o, wọ́n sì ń bó o lọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi ku ìpele kan ṣoṣo tí kò nípọn ju átọ́mù kan lọ. Graphene ni orúkọ ohun náà. Bí ó ti fẹ́lẹ́ tó nì, ó lágbára ju irin lọ ní ìlọ́po púpọ̀, iná mọ̀nàmọ́ná sì ń gba inú rẹ̀ kọjá wéré. Ní ọdún 2010 a fi Ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ físíìsì dá àwọn méjèèjì lọ́lá.

Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí lè wí pé pẹ́ńsù àti téèpù kò náni ní nǹkan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ ilé tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà? Ta ni ó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi wo ohun tí ojú kò rí? Ta ni ó ń san owó oṣù wọn ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi dán onírúurú nǹkan wò tí kò so èso? Owó ìlú ni ó ru èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹrù náà. Nígbà tí ìmọ̀ ọ̀hún sì ti hàn, wọn kò fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ mọ́ inú ìwé. Ní ọdún 2013 Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù dá iṣẹ́ ńlá kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Graphene Flagship. Wọ́n pinnu bílíọ̀nù yúrò kan fún un fún ọdún 10, wọ́n sì fi Yunifásítì Chalmers ní ìlú Gothenburg ní ilẹ̀ Sweden ṣe olórí rẹ̀. Ní ọdún 2015 a ṣí ilé ìwádìí graphene kan ní Manchester fúnra rẹ̀. Mílíọ̀nù pọ́n-ùn 61 ni a fi kọ́ ọ: ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì san mílíọ̀nù 38, àpò ìdàgbàsókè agbègbè ti Yúróòpù sì san mílíọ̀nù 23.

Níbo wáyé ni owó náà ti ń wá? Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Orílẹ̀-èdè 27 ni ó wà nínú Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan náà. Olúkúlùkù ń dá owó sínú àpò kan gẹ́gẹ́ bí ọrọ̀ rẹ̀ ti tó. A sì ń fi owó ibodè orí ọjà tí ó wọlé láti òkèèrè kún un, pẹ̀lú ìpín díẹ̀ nínú owó orí ọjà títà. Láti inú àpò yìí ni wọ́n ti ń ya owó ìwádìí sọ́tọ̀. Ọdún 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò àkọ́kọ́, wọn kò sì tíì dáwọ́ dúró láti ìgbà náà. Nínú ètò kẹfà, láti 2002 dé 2006, wọ́n ya ju bílíọ̀nù yúrò kan lọ sọ́tọ̀ fún ohun tíntínní, ohun èlò titun àti ọ̀nà titun láti ṣe ọjà. Nínú ètò keje, láti 2007 dé 2013, ẹ̀ka kan náà gba nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọdún 2008, tí ènìyàn ìbá rò pé ìwádìí ni wọn yóò kọ́kọ́ gé kúrò, wọ́n tún pinnu bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù igba yúrò, láti ọwọ́ ìjọba àti láti ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ papọ̀, kí a fi ronú sí bí ilé-iṣẹ́ ọjọ́ iwájú yóò ti rí. Ètò tí a là sílẹ̀ fún 2021 dé 2027, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Horizon Europe, jẹ́ bílíọ̀nù 95.5 fún gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀ lápapọ̀ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ̀yin ará, mo dé ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù lọ. Gbogbo wa ni a mọ èésú. Nínú èésú, ẹni tí ó bá dá a ni yóò kó o nígbà tí ó bá kàn án. Iye tí ó dá ni yóò sì kó. Bí a bá fi òfin èésú ṣe iṣẹ́ ìmọ̀, ìmọ̀ yóò kú. Nínú àpò ìwádìí Yúróòpù, kò sí pé ó kàn mí. Òfin rẹ̀ rí báyìí:

Èkínní, ẹnìkan kì í sábà dá gba owó náà. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọnyí, ó kéré tán, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta láti orílẹ̀-èdè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò para pọ̀ kọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Pọ́túgà ṣe ń bá oníṣẹ́ ẹ̀rọ ilẹ̀ Jámánì jókòó sídìí tábìlì kan.

Èkejì, àwọn onímọ̀ tí kò ní ìpín nínú iṣẹ́ náà ni ó ń ka ìwé wọn, tí wọ́n sì ń fún un ní máàkì bí a ti ń ṣe fún ọmọ ilé-ìwé. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń wò: bí èrò náà ti dára tó, èrè tí yóò mú wá fún ìlú, àti bóyá àwọn tí ń bèèrè lè ṣe é tọkàntọkàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba máàkì márùn-ún. Ìdánwò náà le. Nínú ètò 2014 sí 2020, nínú ìwé 100 tí a kọ wá, bí 12 péré ni ó rí owó gbà.

Ẹ̀kẹta, díẹ̀díẹ̀ ni owó ń jáde, pẹ̀lú ìròyìn iṣẹ́ àti àyẹ̀wò ìwé owó. Ẹni tí ó bá sì gba owó ìlú gbọ́dọ̀ tẹ àwọn ìwé ìmọ̀ tí ó ti ibẹ̀ jáde ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni lè kà wọ́n láìsan kọ́bọ̀.

Kì í ṣe pé ètò yìí kò ní àléébù. Àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lọ́rọ̀ púpọ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn Yúróòpù ti ń ráhùn tipẹ́ pé àwọn yunifásítì ńlá ìhà ìwọ̀-oòrùn ni ó ń kó owó lọ; nítorí èyí ni wọ́n ṣe ya ìpín kan sọ́tọ̀ nínú Horizon Europe láti gbé àwọn tí ó wà lẹ́yìn dìde. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò ba ìdánwò náà jẹ́ láti tẹ́ wọn lọ́rùn. Ńṣe ni wọ́n wá owó láti ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n lè yege. Àwọn ọ̀mọ̀wé tún ń kùn pé ìwé kíkọ ti pọ̀ jù. Ẹ̀sùn tí ó tóbi jù ni pé Yúróòpù mọ ìmọ̀ wá, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n sọ di ọjà. Graphene tí a fi ọwọ́ bó ní Manchester, ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ti gba ìwé-ẹ̀tọ́ àṣeṣe rẹ̀ jù lọ. Àárín yàrá ìwádìí àti ọjà jẹ́ àfonífojì tí ọ̀pọ̀ èrò rere ń kú sí. Jámánì wá ọgbọ́n kan sí èyí láti ọdún 1949, nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Fraunhofer sílẹ̀, tí a sọ ní orúkọ ọkùnrin kan tí ó jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ gíláàsì tí ó sì tún jẹ́ onímọ̀. Ìjọba ń fún ẹgbẹ́ náà ní apá kan owó rẹ̀; èyí tí ó kù, wọ́n gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ wá a, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó nílò ìmọ̀ wọn.

Ewu pẹ̀lú wà. Ohun tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ lè wọ inú ara ènìyàn gba ibi tí a kò rò. Nítorí náà apá kan nínú owó yìí ni a fi ń wádìí ìpalára tí irú ohun bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Ní ọdún 2022 Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan náà fòfin de titanium dioxide nínú oúnjẹ, èyí tí wọ́n ti ń fi sọ oúnjẹ di funfun, nítorí pé àwọn onímọ̀ kò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ pé kò ní í pa ènìyàn lára.

Bí ẹnìkan bá sì bèèrè èrè gbogbo sùúrù yìí, kí ó rántí ọdún 2020. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn kòrónà tí ilé-iṣẹ́ BioNTech ní ìlú Mainz ní Jámánì ṣe pẹ̀lú Pfizer ará Amẹ́ríkà, inú ìṣù ọ̀rá tíntínní, tí a ń fi nánómítà wọ̀n, ni a fi oògùn rẹ̀ pamọ́ sí kí ó tó lè wọ inú ara. Ìjọba Jámánì fi ìrànwọ́ tí ó tó mílíọ̀nù yúrò 375 lé wọn lọ́wọ́ ní ọdún náà, ilé owó Yúróòpù sì yá wọn ní mílíọ̀nù 100. Ṣùgbọ́n owó ọdún kan kò lè ra ìmọ̀ tí a kò ti wá tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ kọ́ ni a ń kọ́ ilé.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú kọ́ ẹ̀kọ́ kan. Ó jáde kúrò nínú Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan náà ní ọdún 2020. Ṣùgbọ́n láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ó ti padà sínú àjọ ìwádìí yìí gẹ́gẹ́ bí alábàáṣe, ó sì ń san owó tirẹ̀. Ilẹ̀ tí ó lọ́rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí i pé igi kan kì í dá igbó ṣe.

Àwa ńkọ́? Ní ọdún 2002, ní Barcelona, àwọn olórí Yúróòpù pinnu pé ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ wọn ni kí a máa ná sórí ìwádìí. Wọn kò tíì dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ré ìdá méjì kọjá. Ní ọdún 1980, ní Èkó níhìn-ín, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pinnu ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún. Nàìjíríà kò tíì dé ìdá kan náà. Síbẹ̀ a kò ṣaláìní orí pípé. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Yunifásítì LAUTECH, àwọn olùkọ́ ti fi òwú aláǹtakùn àti èèpo obì sọ fàdákà di ohun tíntínní tí ń pa kòkòrò àrùn, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde kí gbogbo ayé kà á. Ohun tí ilé àti oko wa kún fún ni wọ́n lò. Èmi yóò sì fi èyí kún un: òfin Horizon Europe fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ Nàìjíríà láti wà lára àwọn tí ń kọ̀wé bèèrè, kí wọ́n sì gba owó bí wọ́n bá yege.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín fún. Ìlú tí ó ń dá owó kọ́ gbọ̀ngàn, kí ó dá owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilé-ìwé rẹ̀. Bí a bá fẹ́ yan ọmọ tí a ó fi owó náà kọ́, kí a má ṣe bèèrè agboolé tí ó ti wá. Kí a wo ìwé rẹ̀, kí àlejò tí kò mọ bàbá rẹ̀ sì bá wa wò ó. Ẹ̀kẹta, bí a bá bẹ̀rẹ̀, kí a má ṣe dúró ní ọdún kejì nítorí pé a kò tíì rí èso. Ẹni tí ó gbin obì kì í retí àti pa á ní ọdún kan náà. Ogójì ọdún ó lé ni àwọn ará Yúróòpù ti ń dá owó tiwọn, wọ́n ń ṣe àṣìṣe, wọ́n ń ráhùn, wọ́n sì ń dá a síbẹ̀.

Kí ìlú wa ó tòrò, kí ìmọ̀ ó sì máa pọ̀ sí i láàárín wa.