Fóònù lè mọ ẹni tó sún mọ́ yín níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ta ló máa sanwó ọjọ́ tí ẹ bá jókòó sílé?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ki earpiece bọ etí níbi iṣẹ́ tí ọ̀gá ò mọ̀, ọ̀rọ̀ tòní kan ọ̀gá yẹn gan-an.

Ẹ rántí oṣù Karùn-ún ọdún 2020. Gómìnà Ṣèyí Mákindé kéde pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé 30 òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní kòrónà ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Ìbàdàn. Wọ́n ti ibẹ̀ pa. Ọgbọ̀n èèyàn lábẹ́ òrùlé kan! Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé irú èyí ni pé: ta ló jókòó ti ta? Ta ló bá ta jẹun? Èmi ò lè fi ìrántí dáhùn o. Mi ò tilẹ̀ rántí ojú ẹni tá a jọ wọ Micra láàárọ̀ yìí.

Ìdí tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ dé nìyẹn. Ní oṣù Kẹta 2020, Singapore gbé áàpù TraceTogether jáde. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, Apple àti Google kéde tiwọn. Bluetooth tá a fi ń fi orin ránṣẹ́ síra wa náà ni wọ́n lò. Nínú ti Apple àti Google, fóònù yín á máa sọ nọ́ńbà àdììtú kan síta, nọ́ńbà náà á sì máa yí padà. Fóònù tó wà nítòsí á gbọ́ ọ, á tọ́jú ẹ̀. Tí ìró náà bá lágbára, á jẹ́ pé ẹ sún mọ́ra. Tí àyẹ̀wò bá mú ẹnì kan, tó sì fọwọ́ sí i, fóònù àwọn tó pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á kìlọ̀ fún wọn. Kò sí orúkọ níbẹ̀, kò sí àdírẹ́sì. Àwọn agbanisíṣẹ́ náà ò gbẹ́yìn: ní èbúté Antwerp ní Belgium, wọ́n dán ẹ̀gbà ọwọ́ wò tó ń ṣe ìkìlọ̀ bí òṣìṣẹ́ méjì bá sún mọ́ra jù.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí ẹ̀yìn Ìbàdàn níbí, láti Mọ́níyà dé Ìyànà Ọ̀fà, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Akánrán.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí. Ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ ń pariwo, torí náà etí ara wọn ni àwọn ìyá yẹn ń sọ̀rọ̀ sí. Fóònù wà nínú ọ̀rá, nínú báàgì, lára igi. Òmíì jẹ́ onítọ́ọ̀ṣì, kò lè gbé áàpù kankan. Ẹ wá lọ sí ọgbà adìyẹ. Àwọn ọmọkùnrin tó ń tọ́jú adìyẹ lè jọ máa sun yàrá kan. Ṣé Bluetooth ló máa sọ fún wa pé wọ́n sún mọ́ra? Kòrónà ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ikọ́ ife ò lọ o, yàrá tí afẹ́fẹ́ ò ti ráyè wọlé ló sì fẹ́ràn jù. Wíńdò ni ẹ kọ́kọ́ rà.

Ọkọ̀ tó ń kó wọn lọ sílé ńkọ́? Ní 2020, àwọn onímọ̀ Trinity College ní Dublin dán Bluetooth wò nínú bọ́ọ̀sì àti tíráàmù. Irin ọkọ̀ ń da ìró náà rú débi pé ó ṣòro láti fi mọ ẹni tó wà nítòsí yàtọ̀ sí ẹni tó jìnnà. Ẹ wá ro ti Micra wò.

Ẹnì kan á ní, ẹ fún wọn ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n á so mọ́ ọrùn. Singapore ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn àgbà tí kò ní smartphone. Mo gbà. Ìyẹn yanjú ọ̀rọ̀ fóònù. Kò yanjú ti owó.

Ẹ gbọ́, ẹni tó ń gbowó ojúmọ́ ni mò ń sọ. Ẹ̀rọ dún, wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ló máa jẹ? Lọ́jọ́ mìíì, ó máa fi ẹ̀rọ yẹn kọ́ sára apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́, á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀! Nígbà tí Ebola wọ Nàìjíríà ní 2014, èèyàn 894 ni wọ́n tọpa. Wọ́n lo fóònù láti fi èsì ránṣẹ́, àmọ́ ẹsẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà: nǹkan bí ìgbà 18,500 ni wọ́n lọ wo àwọn èèyàn yẹn lójúkojú. Ẹni tó kan ilẹ̀kùn lè rí i pé ebi ń pa yín. Bluetooth ò lè rí i.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ní oṣù Kìíní 2021, ìjọba Singapore jẹ́wọ́ pé ọlọ́pàá lè lo àkọsílẹ̀ TraceTogether fún ìwádìí ọ̀ràn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kọ́kọ́ sọ pé ti àìsàn nìkan ni. Ẹ̀rọ tó mọ ẹni tó jókòó tì yín lè mọ àwọn tẹ́ ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ pé kí ọ̀gá fowó kún owó. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tó nílò ààbò pàtàkì.

Nítorí náà, tí ọ̀gá yín bá gbé ẹ̀gbà ọwọ́ dé, ẹ bi í léèrè ṣáájú kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́: ta ló ń rí àkọsílẹ̀ yìí, ìgbà wo lẹ máa pa á rẹ́, ṣé owó mi ṣì ń wọlé tẹ́ ẹ bá ní kí n lọ sílé? Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ẹ sọ èsì tó fún yín. Ẹ má dárúkọ ilé-iṣẹ́ o.