Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Ni Eré: Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Òǹkọ̀wé Eré ní Yunifásítì

Mo kí Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí, ẹ̀yin tí baba ńlá yín sá wá sábẹ́ Olúmọ ní 1830, tí àpáta di odi fún wọn, tí odi di ìlú Abẹ́òkúta, tí ìlú sì di ibi tí a ti tẹ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá ní 1859. Nílùú tí ó mọyì ìwé tó báyìí, kò yẹ kí n máa tọrọ gáfárà kí n tó sọ̀rọ̀ nípa ìwé kíkọ. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí kì í ṣe èyí tí a ń kọ fún ojú, etí ni a ń kọ ọ́ fún.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, baba kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ tọ̀ mí wá. Ó wọ agbádá àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ó jókòó ṣinṣin bí ẹni tí ó wá rojọ́ níwájú ìgbìmọ̀, ó ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Mo ní kó lọ ka òfin, ó ní eré ni òun fẹ́ lọ kà. Ṣé wọ́n máa ń ka eré ni? Ṣebí ṣíṣe ni wọ́n ń ṣe é!" Èmi rẹ́rìn-ín, ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín, baba pàápàá kò fi ṣe àwàdà. Nígbà tí wọ́n lọ tán ni ìbéèrè náà wá jókòó tì mí, kò sì tíì dìde títí di òní. Òun ni mo gbé wá síwájú yín.

Òdodo ọ̀rọ̀ ni baba yẹn sọ, nítorí àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré nílẹ̀ Yorùbá kò kà á. Nígbà tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò nì, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, eré eégún aláré ni Aláàfin fi ṣe é lálejò, àlejò náà sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òṣèré tí ó ń wò kò di bébà kankan mú, nítorí inú agbo ilé ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà, ọmọ ń wo baba, baba ń wo ẹ̀yìn ọmọ. Irú ọ̀nà yẹn náà ni Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀ṣọ́sà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tọ̀ nígbà tí ó gbé eré ìjọ jáde ní 1944, tí ó sì fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ láìpẹ́ sí i kí ó lè máa ti ìlú dé ìlú. Ọ̀gá a sọ ìtàn fún àwọn ọmọ iṣẹ́, a pín ipa, a kọ́ wọn lórin, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu ni àwọn òṣèré fúnra wọn ń wá lẹ́nu ìdánrawò. Bí eré náà bá sì ti dé ogún ìlú, ọ̀rọ̀ tí kò mú ará Ṣakí rẹ́rìn-ín, wọn a yọ ọ́, èyí tí ó bọ́ lẹ́nu òṣèré láìròtẹ́lẹ̀ tí gbogbo ọjà Ìlaròó fi hó, wọn a fi í síbẹ̀ títí láé, títí eré náà yóò fi dán bí òkúta inú odò Ògùn.

Ilé-ìwé wo ni yóò kọ́ni jù bẹ́ẹ̀ lọ? Mo ti bi ara mi léèrè títí. Àbùkù kan ṣoṣo ni mo rí sí i, àbùkù ńlá sì ni: ẹnu tí ó ń sọ eré náà ni ó ń gbé e lọ sí sàréè. Nínú eré àwọn alárìnjó tí àwọn baba wa sanwó wò ṣáájú òmìnira, àìmọye ni kò ṣẹ́ kù ju orúkọ rẹ̀ lára pátákó ìpolówó lọ.

Àwọn òyìnbó pàápàá ṣiyèméjì bóyá ó yẹ kí a máa kọ́ eré kíkọ ní yunifásítì. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà tí ń jẹ́ George Pierce Baker, ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, tí ó ní òun yóò máa kọ́ni bí a ṣe ń kọ eré, tí Eugene O'Neill sì wà lára àwọn tí ó wá jókòó níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà kò kà á sí ẹ̀kọ́ tí ó tó ilé eré kọ́ fún, ó sì di ẹrù rẹ̀ lọ sí Yale ní 1925. Mo sọ ìtàn yìí nítorí Yale yìí náà ni Ọlá Rótìmí wa lọ ní ìgbà tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ òǹkọ̀wé eré, tí ó sì parí rẹ̀ ní 1966. Ó padà wálé, ó lọ sí Ifẹ̀, ó bá àwọn òṣèré Orí Olókun ṣiṣẹ́, wọ́n gbé eré kan tí ó fi ìtàn Gíríìkì wọ aṣọ Yorùbá jáde ní 1968, èyí tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé mọ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e wọ́n ṣe Kurunmi. Ẹ̀yin Ẹ̀gbá ni ó yẹ kí ẹ mọ Kurunmi ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ogun Ìjàyè ni, ogun tí àwọn baba yín gbè lẹ́yìn Ìjàyè láti 1860 títí ìlú náà fi fọ́ ní 1862. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Rótìmí fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí o bá di ojú tí o la etí, òwe àgbà Yorùbá ni ó ń ró níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nílé níbí, Ìbàdàn ni ó kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, owó àjọ Rockefeller ni a fi dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Eré sílẹ̀ ní yunifásítì náà, Geoffrey Axworthy ni ó kọ́kọ́ ṣe olórí rẹ̀. Ohun tí ó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe kì í ṣe ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún ẹnikẹ́ni. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọ̀gá alárìnjó, ni wọ́n mú wọ inú ọgbà yunifásítì. Wọ́n gbé ìtàn ọ̀mùtí ẹlẹ́mu tí Amos Tutùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta yìí, kọ jáde ní 1952 fún un. Demas Nwoko, olùkọ́ nílé-ẹ̀kọ́ náà, ya àwòrán ìtàgé. Nígbà tí ó di 1963, Láńkẹ́ Ọ̀mùtí jáde, ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú orin àti ìlù. Ẹ wo bí ó ṣe rí: ọmọ Ẹ̀gbá kan tí kò kàwé púpọ̀ ni ó ni ìtàn, òṣèré ojú títì ni ó ni ẹnu, yunifásítì ni ó ni iná, ààyè, àti àkókò. Bí mo bá ń wá ohun tí yunifásítì lè ṣe fún òǹkọ̀wé eré, ibẹ̀ ni mo máa ń wò.

Nítorí ẹ jẹ́ kí a má tan ara wa. Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Aké, tí ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí, lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kà ní Ìbàdàn àti ní Leeds, kì í ṣe eré kíkọ. Nígbà tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ tí ó ṣe ní ilé eré Royal Court ni pé ó ń ka ìwé eré tí àwọn ẹlòmíràn fi ránṣẹ́, rere àti búburú. Akínwùmí Ìṣọ̀lá náà, èdè Faransé ni ó ń kà ní Ìbàdàn nígbà tí ó kọ eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Kò sí ẹni tí ó jókòó kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ ni yóò dà bí wọn, a kì í sì torí pé abiyẹ ń fò láìkọ́ kí a má kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìrìn.

Kí wá ni a ń kọ́ wọn? Àwọn baba wa ti dáhùn kí a tó dá yunifásítì sílẹ̀: àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Bí mo bá ní kí n fi gbólóhùn kan ṣe àlàyé ọdún mẹ́rin tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, gbólóhùn náà ni n ó sọ, n ó sì jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Ọmọbìnrin tí baba rẹ̀ mú wá yẹn, ó borí baba rẹ̀, ó di akẹ́kọ̀ọ́. Ìran àkọ́kọ́ tí ó kọ fún mi, ọkọ kan ni kò sùn nílé, ó wọlé ní ìdájí, ìyàwó rẹ̀ sì dìde dúró ó ń sọ̀rọ̀ fún odindi ojú ìwé kan: bí ọkọ ṣe dalẹ̀, bí ọkàn òun ṣe gbọgbẹ́, bí òun ṣe sunkún mọ́jú. Gbogbo rẹ̀ ni ó péye, kò sì sí ohun tí ó ń dun èèyàn níbẹ̀. Mo bi í pé, "Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé bí ó ṣe ń bá baba rẹ jà nìyẹn?" Ó ní rárá o. Mo ní kí ó gba Ìtòkú lọ, kí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ń ta àdìrẹ, kí ó má gba ohùn kankan sílẹ̀, kí ó kàn fetí sílẹ̀. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó padà wá. Ojú ìwé kan ti di ìlà mẹ́rin:

"Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé kí n gbé omi ìwẹ̀ yín kaná, àbí ẹ ti wẹ̀ níbi tí ẹ sùn?"

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Láti alẹ́ àná ni ó ti ń retí yín."

Ọkọ kò dáhùn.

Mo ka á lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin náà kò bú ẹnikẹ́ni, ó kí ọkọ rẹ̀ bí ó ti yẹ, "ẹ" ni ó ń lò, kì í ṣe "o", síbẹ̀ bí mo bá jẹ́ ọkọ yẹn, èmi ìbá wá ibi sá sí. Nígbà tí a dé orí sinimá, mo ní kí ó tún un kọ fún fíìmù. Ó pa gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu wọn rẹ́, ó fi gbólóhùn kan ṣoṣo sílẹ̀, "Ẹ káàárọ̀ o." Ohun tí ó kọ síbẹ̀ ni pé obìnrin náà ṣí àwo láfún tí ó ti gbẹ lójú bí ẹrẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, ó rí èèrà tí ó tò wọnú ọbẹ̀ ewédú, ó sì rọra dé e padà, ó gbé e síwájú ọkọ. Lórí ìtàgé, ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn pátápátá kò lè rí èèrà, nítorí náà ẹnu ni yóò gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nínú fíìmù, ẹ̀rọ ayàwòrán lè sún mọ́ ọn títí èèrà yóò fi tó ìka. Ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ méjèèjì kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èdè ìjìnlẹ̀ dẹ́rù bà yín.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí ọgbọ́n méjèèjì ti pàdé, ẹ wo fíìmù Saworoidẹ, ti 1999. Ìṣọ̀lá, olùkọ́ yunifásítì, ni ó kọ ọ́. Túndé Kèlání, tí ó dàgbà lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ àgbà nílùú yìí, tí ó ka ilé-ìwé girama Abẹ́òkúta kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó darí rẹ̀. Adébáyọ̀ Fálétí ṣe Baba Ọ̀pálábá níbẹ̀, àgbà tí kì í sọ ju àbọ̀ ọ̀rọ̀ lọ. Kọ́lá Oyèéwọ̀ ṣe ọba Lápité, òun tí ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Oyin Adéjọbí, nínú ẹgbẹ́ alárìnjó, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wá wọ yunifásítì, tí ó kàwé títí ó fi di ọ̀mọ̀wé tí ń kọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí Kèlání sì padà wá ya fíìmù Ayinla, tí ó jáde ní 2021, lórí ìgbésí ayé Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà tí wọ́n pa nílùú yìí ní 1980, ohùn Abẹ́òkúta ni ó tún bá wá.

Ẹ̀dùn ọkàn mi ni mo fẹ́ sọ wàyí. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tíátà tí mo ti ṣe olùdánwò, ọmọ Ìjẹmọ̀ àti ọmọ Ìgbẹ̀ìn, tí wọ́n bá ìyá wọn jẹun láàárọ̀ ní èdè Yorùbá, a máa jókòó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ohun tí ìyá náà sọ, tí obìnrin ọlọ́jà inú eré yóò wá máa sọ̀rọ̀ bí amòfin. Mo ti rí i tí wọ́n fún irú eré bẹ́ẹ̀ ní máàkì tí ó ga, láìsí òṣèré kan tí ó fi ẹnu kàn án rí. Èyí kò dára. Eré tí a kò tíì fi sí òṣèré lẹ́nu kò tíì parí, ó sì yẹ kí ẹni tí ó kọ ọ́ jókòó gbọ́ ọ, kí ojú tì í níbi tí ó bá ti yẹ kí ojú tì í, kí ó padà lọ tún un kọ. Ó yẹ kí a gba akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ láyè láti fi Yorùbá kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, kí a sì máa pe àwọn àgbà òṣèré tí ó kù lóde, tí wọ́n lè má ní ìwé ẹ̀rí kankan, kí wọ́n wá jókòó ní kíláàsì kí wọ́n tó lọ tán. Ohun tí Ìbàdàn ṣe fún Ògúnmọ́lá ní èyí tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, kò sí ìdí tí a kò fi lè ṣe é ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ òṣèré, tí kò ju ìrìn wákàtí mélòó kan lọ sí ibí.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní eré ni òun fẹ́ lọ kà, ẹ bi í bóyá ó mọ bí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe ń bínú. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Ẹ̀yin ìyá wa ní Ìtòkú àti ní Kútọ̀, bí ẹ bá rí ọmọ kan lọ́la tí ó wá jókòó ti ìsọ̀ yín, tí kò ra nǹkan kan, tí ó kàn ń fi bírò kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé pélébé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lé e. Ẹ máa tajà yín lọ.