Bí Oníṣòwò Bá Kógbá Sílé, Kí Ni Gbèsè Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́

Akọ̀wé wa ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí mò ń ṣe, kí n má sì jẹ́ kó gùn, nítorí pé ìrẹsì ti jinná. Ètò kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ, ìyẹn ìlànà tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ lé tó fi mọ ohun tí yóò ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí a ṣe ń kọ ọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ohun tó yẹ ká ṣe fún oníbàárà nígbà tí ètò tí a tà fún un bá ti sú wa ni mo gbé wá. Ẹ̀yin tíṣà mi, ẹ má bínú, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fi ẹjọ́ mi sùn.

Ní 1994, ní Ìbàdàn, mo kọ ètò kan fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Iṣẹ́ ètò náà ni láti ṣírò owó tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá, èyí tó yá, àti èlé orí rẹ̀. Màmá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági ni akápò wọn. Màmá yìí ní ìwé ńlá kan tó ń fi bírò pupa àti búlúù kọ gbogbo ìṣirò sí. Fún ọdún méjì gbáko, bó ti ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ló tún ń kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi ni mo sọ fún un ní 1996 pé, "Mà, ẹ má dá ara yín lágara mọ́, kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé." Ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ó ti ìwé bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní 1998, mo ríṣẹ́ sí Èkó. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló ń lo ètò náà nígbà yẹn. Ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò sọ fún ẹnì kankan nínú wọn? Mi ò kọ lẹ́tà, mi ò fi àdírẹ́sì sílẹ̀. Lójú tèmi, mo ti gbowó, mo ti jíṣẹ́, ó parí. Nǹkan mìíràn tún wà tí mi ò sọ fún wọn. Nítorí kí ẹlòmíràn má baà jí ètò mi, mo ti da iye owó inú dísìkì rú lọ́nà tó jẹ́ pé ètò tèmi nìkan ló lè kà á. Nọ́ńbà méjì péré ni mo sì fi ń kọ ọdún, 98, 99, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe nígbà náà.

Ni 2000 bá dé. Ètò náà rí 00, ó gbà pé ọdún 1900 la wà. Ẹni tó yá owó ní 1999 wá di ẹni tí ẹgbẹ́ jẹ ní èlé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó jọ ẹ̀rín, àbí? Ẹ dúró ná. Bàbá kan nínú ẹgbẹ́ náà ti kú ní oṣù kọkànlá 1999. Lẹ́yìn ọdún tuntun ni àwọn ọmọ rẹ̀ wá gba owó tí bàbá wọn ti dá jọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ iye tó jẹ́. Ọ̀rọ̀ di ariwo. Àwọn ọmọ ní akápò ti kó owó náà jẹ. Màmá tí kò fọwọ́ kan kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni rí!

Ó wá mi dé Èkó. Ó bi àwọn tí a jọ gbé ilé tẹ́lẹ̀, ó bi ẹ̀gbọ́n mi, títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà mi ní Sátidé kan, pẹ̀lú dísìkì mẹ́fà tó fi gèlè wé. Kò bú mi. Ohun tó sọ ni pé, "Ọmọ mi, o bá wa kọ́lé, o wá mú kọ́kọ́rọ́ lọ." Òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tẹ gbogbo àkọsílẹ̀ náà jáde sórí bébà. A rí owó bàbá náà, ó pé géérégé. Ṣùgbọ́n kó tó di pé a rí i, màmá ti fi ipò akápò sílẹ̀, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Tèmi kéré. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà ń ṣe irú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Revolv ta ẹ̀rọ kan ní nǹkan bí 300 dọ́là, ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn tan iná ilé, tó ń bá a ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní iṣẹ́ tí àwọn yóò máa fi ṣe fún oníbàárà yóò wà fún gbogbo ìgbésí ayé. Nest, tó jẹ́ ti Google, ra ilé-iṣẹ́ náà ní 2014. Ní 15 oṣù karùn-ún 2016, wọ́n pa kọ̀ǹpútà tó ń darí àwọn ẹ̀rọ náà láti òkèèrè, èyí tó wà nílé oníbàárà sì di àpótí lásán. Mo wá ń bèèrè: ìgbésí ayé ta ni wọ́n ń wí? Ti oníbàárà ni, ti ẹ̀rọ ni, àbí ti ilé-iṣẹ́?

Ẹ jẹ́ ká wá sórí èyí tó kan ọ̀pọ̀ wa níhìn-ín. Windows 10, tí Microsoft gbé jáde ní oṣù keje 2015, wọ́n dá ìtọ́jú rẹ̀ dúró ní 14 oṣù kẹwàá 2025. Kọ̀ǹpútà náà kò kú lọ́jọ́ yẹn o. Ó ń tàn, ó ń tẹ̀wé. Ohun tó dópin ni àtúnṣe tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù láti dí ihò tí olè lè gbà wọlé. Ètò kọ̀ǹpútà kì í rà bí iṣu. Olè ló ń gbọ́n sí i lójoojúmọ́.

A ti rí èyí rí. Windows XP jáde ní 2001, ìtọ́jú rẹ̀ dópin ní oṣù kẹrin 2014. Ní 12 oṣù karùn-ún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry jà káàkiri ayé. Ní England, ó da iṣẹ́ rú ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn àjọ tó ń darí ilé ìwòsàn ìjọba, wọ́n ń dá aláìsàn padà sílé. Lọ́jọ́ kejì, Microsoft gbé àtúnṣe XP jáde fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n ti ní ó tán. Mo yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé "a ò lè ṣe é mọ́" àti "a ò fẹ́ ṣe é mọ́" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Kí n má purọ́ mọ́ wọn, púpọ̀ jù nínú kọ̀ǹpútà tí kòkòrò náà mú kì í ṣe XP. Windows 7 ni, tí àtúnṣe rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti oṣù kẹta, tí àwọn tó ni kọ̀ǹpútà kò sì fi í sí i. Oníbàárà náà ní ẹ̀bi tirẹ̀.

Ti Windows 10 yìí, Microsoft ti kéde ọjọ́ náà tipẹ́tipẹ́, kò sẹ́ni tó lè ní wọ́n bá òun lójijì. Ibi tó ti ń dùn mí ni pé Windows 11 kò gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ṣáájú 2018, bó ti wù kí wọ́n lágbára tó. Wọ́n ní ọdún mẹ́wàá làwọn fi tọ́jú rẹ̀. Òótọ́ ni, bí a bá ń kà á láti 2015. Ẹni tó ra tirẹ̀ ní titun ní 2017, ọdún mẹ́jọ ló rí. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ ní Ìkẹjà ní 2023, ẹ bá mi ṣírò tirẹ̀. Èrò tèmi ni pé ọjọ́ tí wọ́n ta ti ìkẹyìn ló yẹ ká fi máa ka ọdún, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ta ti àkọ́kọ́.

Wọ́n fi ọdún kan kún un fún àwọn tó ń lò ó nílé, títí di oṣù kẹwàá 2026: kí o san 30 dọ́là, tàbí kí o gbà kí wọ́n máa bá ọ tọ́jú bí o ṣe to kọ̀ǹpútà rẹ sọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà ní Yúróòpù pariwo, wọ́n mú májẹ̀mú yẹn kúrò fún àwọn ti ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tó pariwo ló rí ẹ̀dínwó gbà.

Mo mọ ohun tí ọ̀rẹ́ mi tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn fẹ́ sọ: ṣé títí ayé la ó máa tọ́jú nǹkan tí a tà lẹ́ẹ̀kan ni? Rárá o. Télọ̀ tó rán aṣọ fún ọ ní 1980 kò jẹ ọ́ ní bọ́tìnì mọ́. Ṣùgbọ́n télọ̀ míì lè rán an. Ẹ wo Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná nígbà ayé wa. Kò jáde mọ́, síbẹ̀ mẹkáníìkì abẹ́ igi yóò tún un ṣe, nítorí pé kò sẹ́ni tó fi kọ́kọ́rọ́ ti ìdérí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pa. Àwa tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, a ò ní tún un ṣe mọ́, a ò sì ní jẹ́ kí ẹlòmíràn tún un ṣe. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, bí àwọn bàbá wa ti wí. Nínú iṣẹ́ tiwa, oníbàárà ni wọ́n ń gbé igbá náà rù.

Ẹnì kan wà tó ṣe é dáadáa. Ton Roosendaal ni, ọmọ ilẹ̀ Netherlands. Ètò rẹ̀, Blender, ni àwọn èèyàn fi ń ya àwòrán tó ń rìn. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín kógbá sílé ní 2002. Dípò kí ètò náà kú síbẹ̀, ó bẹ àwọn olówó tó ni ín, wọ́n ní kó mú 100,000 owó yúrò wá, àwọn á sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń lò ó dá owó náà láàárín ọ̀sẹ̀ méje. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ó gbé ìlànà inú rẹ̀ jáde kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kó sì tún un ṣe. Ní oṣù kẹta 2025, fíìmù Flow tí wọ́n fi Blender ṣe gba ẹ̀bùn Oscar. Ètò tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ti kú fún ohun tó lé ní ogún ọdún nìyẹn o.

Òfin náà ti ń dé díẹ̀díẹ̀. Ní Britain, láti 29 oṣù kẹrin 2024, ẹni tó bá ṣe ẹ̀rọ tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì fún lílò nílé gbọ́dọ̀ sọ ìgbà tí àtúnṣe ààbò rẹ̀ yóò fi wà. Òfin ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí wọ́n fi oṣù kejìlá 2027 dá fún ìmúṣẹ rẹ̀ ní kíkún, ní ọdún márùn-ún ó kéré tán, àyàfi bí ọjà náà kò bá ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Èmi ò dúró de òfin. Láti ọdún tí màmá yẹn ti wá, nínú gbogbo ìwé àdéhùn mi, mo ń kọ ọ́ pé bí mo bá fẹ́ jáwọ́, oníbàárà yóò gbọ́ ní ọdún kan ṣáájú. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ yóò ṣeé tẹ̀ jáde nígbàkígbà, láìbi mí. Ìlànà inú ètò náà sì wà lọ́dọ̀ lọ́yà tí àwa méjèèjì mọ̀. Bí mo bá kú tàbí tí mo sá lọ, kó gbé e fún wọn. Oníbàárà méjì ti bi mí pé ṣé ara mi kò yá ni. Iṣẹ́ kan bọ́ lọ́wọ́ mi torí pé mo bu owó ìtọ́jú ọdún ìkẹyìn mọ́ iye tí mo pè, ẹni tí kò bu tirẹ̀ mọ́ ọn ló gba iṣẹ́ náà. Mi ò bá a jà.

Ó ku ẹyọ kan, ìrẹsì ń tutù. Orúkọ gbogbo wa, àdírẹ́sì wa, owó tí a ti san àti èyí tí a jẹ ẹgbẹ́, inú ètò kan tí ọ̀kan nínú wa kọ ló wà. Ó jókòó sí tábìlì kẹta, ó wọ fìlà búlúù. Mo bi í láàárọ̀ yìí pé bí òun kò bá sí ńkọ́? Ó ní òun ò tíì ronú débẹ̀. Mo bẹ akọ̀wé kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kó tó di ìpàdé tó ń bọ̀, ọ̀gbẹ́ni yìí yóò tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ akọ̀wé, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ akápò. Ó ti mi orí. Ẹ̀yin náà rí i.