Aláàmù ẹ́ńjìnnì bóòtù tí kò dákẹ́: ẹ má gé wáyà rẹ̀ o

Àwọn mẹ́ta ló ti bi mí lọ́sẹ̀ yìí nípa ẹ́ńjìnnì bóòtù tó ń ké "píìì" láìdákẹ́, ni mo ṣe ní kí n sọ ọ́ fún gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì o. Ṣùgbọ́n bóòtù ni mo fi ń kó ìrẹsì, iyọ̀ àti ọṣẹ láti Creek Road ní Port Harcourt níbí lọ sí Bonny, ohun tí mo sì fẹ́ sọ yìí, owó ni mo fi kọ́ ọ.

Ẹ́ńjìnnì tí mo kọ́kọ́ rà, tòkunbọ̀ ni, oní 75, irú èyí tó ní táńkì ọ́ìlì tirẹ̀, tó ń po ọ́ìlì mọ́ epo fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bí a ṣe yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, aláàmù bẹ̀rẹ̀. A lọ, ó ń ké. A bọ̀, ó ń ké. Omi ń jáde dáadáa lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì sì kún. Dráífà mi ní, "Ọ̀gá, na only noise." Kò purọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní kó gé wáyà rẹ̀. Ó gé e, etí gbogbo wa sinmi.

Kò pé oṣù méjì, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa omi. Ọjà kún inú bóòtù, òjò ṣú, dráífà ń sáré, kò bojú wẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì gbóná, kò sí ohun tó ké. Ìgbà tí a fi máa gbóòórùn, ó ti nọ́ọ̀kì, písítìnì ti gan pa. Àárín omi la wà, ilẹ̀ ń ṣú, ìṣàn omi ń gbé wa lọ. Àwọn apẹja kan ló fi okùn fà wá dé èbúté. Ọlọ́run ló yọ wá. Ẹ́ńjìnnì lọ, òjò sì ba ìrẹsì jẹ́. Ẹ̀yin méjì tí ẹ lẹ́rù níbẹ̀, ẹ wà nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ mọ iye oṣù tí mo fi san owó yín.

Bí ajá ilé ẹni bá ń gbó lóru, a kì í pa ajá. A máa ń dìde wo ohun tó rí ni. Ohun tí aláàmù àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yìí máa ń rí kò ju mẹ́ta lọ: ooru, ọ́ìlì, tàbí wáyà. Bí a ṣe ń wá a nìyí.

Àkọ́kọ́, ooru. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké lójú omi, ẹ dín eré kù kíá, kí ẹ wo ẹ̀yìn. Ṣé ẹ́ńjìnnì ń tọ̀? Tí omi kò bá jáde, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ yọ ọ̀rá tàbí koríko tó dí i. Ẹ fi wáyà tín-ín-rín gún ihò tí omi ń gbà jáde, nígbà mìíràn ẹrẹ̀ àti iyọ̀ ló dí ihò yẹn nìkan. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí orí ẹ́ńjìnnì: tó bá ń ṣe "ṣàà," ó gbóná lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀, ẹ má da omi lé e lórí. Tí omi kò bá ṣì jáde, impeller ni kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Rọ́bà ni, ó máa ń le, ó máa ń já. Tí apá rẹ̀ kan bá já, kí ó wá èyí tó já jáde, kó má lọ dí ọ̀nà omi nínú. Tí omi bá ń jáde tó ṣì ń gbóná, kí ó yọ thermostat, iyọ̀ máa ń mú un gan. Kí ó sì fi í sínú omi gbígbóná: tí kò bá ṣí, kò dára mọ́.

Èkejì, ọ́ìlì. Ẹ má fi ojú wo táńkì lókèèrè, ẹ ṣí i. Tó bá lọ sílẹ̀, ọ́ìlì tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára ni kí ẹ dà sí i, kì í ṣe ti mọ́tò.

Ẹ̀kẹta, wáyà. Láàárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìsítáàtì. Òmíràn máa ń ké díẹ̀ kó dákẹ́, ìyẹn kò burú. Tó bá ń ké lọ ràì, tí ọ́ìlì sì kún, kì í ṣe ooru. Ẹ yọ wáyà swíìṣì tó wà lórí ẹ́ńjìnnì. Tó bá dákẹ́, swíìṣì yẹn ló bàjẹ́, ẹ ra òmíràn. Tí kò bá dákẹ́, ẹ dá a padà, kí ẹ yọ ti inú táńkì ọ́ìlì. Tó bá dákẹ́, ìdọ̀tí ló mú ohun tó ń léfòó nínú rẹ̀, tàbí kó ti bàjẹ́. Tí kò bá ṣì dákẹ́, wáyà kan ti bó, ó ń kan irin. Ẹ tọ̀ ọ́ láti ẹ́ńjìnnì títí dé ibi tí dráífà jókòó.

Ohun tó ṣe tèmi nìyẹn. Ìgbà tí a tú ẹ́ńjìnnì yẹn tà ní ẹyọ ẹyọ, a rí ibi tí wáyà ti bó lábẹ́ ìdérí, kò ju ìka ọwọ́ lọ. Tẹ́ẹ̀pù ni ì bá parí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má gé e o. Ẹni tó ti gé tirẹ̀, kó lọ so ó padà kó tó lọ ìrìn tó kàn. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn sílẹ̀, màá dáhùn tí mo bá ti èbúté dé. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.