Àwọn Tó Ń Tọ́jú Ilé Wa



Inú ìwé ẹ̀yáwó ni a ti bá ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí pàdé. A rí àwọn obìnrin mélòó kan tí wọn kì í pa oṣù kan jẹ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n dédé dáwọ́ owó sísan dúró. A bi wọ́n léèrè. Ọ̀kan ní àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú ìyá ọkọ òun, òun kò sì ráyè ọjà mọ́. Èkejì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni òun fi jókòó ti ọmọ ní ilé ìwòsàn. Àwọn ọkùnrin tó jẹ gbèsè wà nínú ìwé náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mú irú ìdí yìí wá. Kì í ṣe pé àwọn ọkùnrin wa kò ní ìyá. Ìyàwó wọn ni ó ń bá wọn tọ́jú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí káàkiri ayé. Ní ọdún 2018, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣírò rẹ̀ pé nínú wákàtí 100 tí ènìyàn ń lò lórí iṣẹ́ ìtọ́jú tí a kì í sanwó fún, ó lé ní 76 tó jẹ́ ti obìnrin.

Nígbà tí ẹrù náà bá wọ ìyàwó lọ́rùn jù, ọmọ ọ̀dọ̀ ni à ń lọ mú wá. Ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òtítọ́. Ọmọbìnrin yìí ni yóò kọ́kọ́ jí, òun ni yóò sùn kẹ́yìn. Owó rẹ̀, ẹni tó mú un wá ni à ń kà á fún; bóyá ó dé ọwọ́ rẹ̀, a kì í bèèrè. Àwa yìí kan náà ni à ń pariwo owó oṣù! Ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000 ní ọdún 2024, ṣùgbọ́n òfin náà kò kan ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, nítorí náà kò wọ inú ilé wa. Èyí tó wọlé wa ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tó kọ̀ ọ́ pé kí a fi ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé tí kì í ṣe ti ẹbí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún wa pé ọmọ àbúrò yín ni, nígbà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹgbẹ́ bí tiwa lè ṣe nǹkan sí i. Ní Bronx, ní ìlú New York, ní ọdún 1985, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Cooperative Home Care Associates bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 12 tó ń lọ tọ́jú arúgbó àti aláìsàn nínú ilé wọn. Òṣìṣẹ́ lè ra ìpín nínú ẹgbẹ́ náà, díẹ̀díẹ̀ ni a sì ń yọ owó rẹ̀ nínú owó iṣẹ́ rẹ̀, bí àwa náà ti ń ṣe. Wọ́n ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan báyìí, obìnrin ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ẹni tó bá ní òṣìṣẹ́ nínú ilé, kí ó ṣí ìwé àfowópamọ́ fún un lọ́dọ̀ wa, ní orúkọ òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Kí ẹ kọ iye owó àti ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ sílẹ̀, odidi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ni ìsinmi o. Òun náà ló pọn ọmọ níbẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá sì ń tọ́jú aláìsàn, kí ìgbìmọ̀ fún un ní oṣù mẹ́ta kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí san ẹ̀yáwó.

Bàbá kan bi wá ní ìpàdé tó kọjá pé ṣé ọkùnrin ni yóò máa wẹ ìyá arúgbó ni. A ní ẹni tó ń gbé àpò kòkó sí ọkọ̀ ni agbára rẹ̀ gbé e jù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé àwọn yóò ṣe é. Láti ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí ìsinmi ọjọ́ 14 fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá bímọ. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà níhìn-ín, mélòó nínú yín ni yóò lò ó láti fọ aṣọ ọmọ?

Ìwé àdéhùn náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé. A ti gba tiwa. Nígbà tí a kà á sí obìnrin tó ń tọ́jú ìyá wa létí, ó ní Ọjọ́rú ni òun fẹ́ fi sinmi, kí òun lè máa ráyè ná ọjà.