Kí Òṣìṣẹ́ Lọ Láyọ̀, Kí Ó sì Bọ̀ Láyọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi Ìpàdé Gbogboogbò Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa)

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ààbò níbi iṣẹ́, ẹnu yà wá díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀nà, omi àti iná mànàmáná ni a máa ń gbọ́ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a ti rò ó síwá tí a rò ó sẹ́yìn, a rí i pé ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń di aláàbọ̀ ara lẹ́nu iṣẹ́ kò tíì tẹ̀ síwájú, bí ọ̀dà tilẹ̀ kún ojú títì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ojú wa rí. Ọmọkùnrin kan wà tí a kọ́ ní ìwé kẹfà. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé òun ni a ń fún ní ṣọ́ọ̀kì láti kọ déètì sójú pátákó ní àràárọ̀. Nígbà tí baba rẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ fi í sẹ́nu iṣẹ́ ní sọ́míìlì kan. Ayùn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó níbẹ̀ ní ìbòrí nígbà tí wọ́n rà á, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ọ́ dànù, nítorí wọ́n ní ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ní ọdún kejì, ayùn náà gé ìka mẹ́ta kúrò ní ọwọ́ ọ̀tún ọmọ náà. Ọ̀gá rẹ̀ san owó ilé ìwòsàn ti ọjọ́ kìíní, ó ní àmúwá Ọlọ́run ni, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọmọ náà wá bá wa nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ́ mi bí a ti ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé."

A kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn wá jù ni pé àwa tí à ń pe ara wa ní olùkọ́ kò mọ̀ nígbà náà pé òfin wà fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Oṣù ń gorí oṣù, ẹnikẹ́ni kò sì gba ẹjọ́ ọmọ náà rò níbikíbi. Ìdí nìyí tí a fi lọ wá àwọn ìwé òfin náà kà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1833 ni ìjọba yan alábẹ̀wò mẹ́rin àkọ́kọ́ láti máa wo àwọn ilé ìhunṣọ tí àwọn ọmọdé ti ń ṣiṣẹ́. Ní New York, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, ọdún 1911, iná jó ilé ìránṣọ kan, ènìyàn 146 sì kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin, nítorí wọ́n ti ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn àbájáde pa. Lẹ́yìn ikú wọn ni ìlú náà tó tún òfin rẹ̀ ṣe. Bákan náà ni ó rí níbi púpọ̀: òkú ni ó kọ́kọ́ sùn kí òfin tó dìde.

Tiwa náà wà nílẹ̀. Òfin Ilé Iṣẹ́ ti ọdún 1987 sọ pé ibi tí a ti ń ṣe ohun títà tàbí tí a ti ń tún nǹkan ṣe, ilé iṣẹ́ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹnì kan péré ni a gbà síṣẹ́ níbẹ̀. Ó pa á láṣẹ pé kí a bo gbogbo ibi tí ó léwu lára ẹ̀rọ, kí àpótí oògùn ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀ wà nítòsí, kí a sì fi tó ìjọba létí bí ìpalára bá pa ènìyàn tàbí tí ó bá dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn náà ni Òfin Owó Gbà-má-bínú fún Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 dé. Ọ̀gá iṣẹ́ ni yóò máa san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ NSITF. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó bá fara pa ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà sì ní ọjọ́ 7 láti sọ fún àjọ náà. Ẹ fetí sí èyí: ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ wà lára àwọn tí òfin náà pè ní òṣìṣẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, fi ààbò àti ìlera níbi iṣẹ́ kún àwọn ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́. Àjọ yìí kan náà ṣírò pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 3 ènìyàn tí iṣẹ́ ń pa lọ́dún ní gbogbo ayé, yálà nípa jàǹbá tàbí nípa àrùn.

Ọgbọ́n ẹ̀rọ pẹ̀lú ti ga. Ní Amẹ́ríkà, ayùn kan wà tí iná mànàmáná díẹ̀ ń gba ara irin rẹ̀ kọjá. Ara ènìyàn a máa fa iná yìí ju pákó gbígbẹ lọ. Nítorí náà, bí ìka bá kan ayùn náà, ẹ̀rọ mọ̀ lójú ẹsẹ̀, bíréèkì a sì dá a dúró kí a tó ṣẹ́jú. Ẹni tí ìbá pàdánù ìka, ọgbẹ́ kékeré ni yóò mú relé. Ẹ̀rọ wà tí a ń so mọ́ àyà tí ń ké bí afẹ́fẹ́ búburú bá wà nínú kòtò, òmíràn sì ń fò lọ wo òrùlé gíga dípò ènìyàn.

Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí wọ́n, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni jẹ gbèsè nítorí wọn. Ohun tí ìlú wa nílò kò wọ́n. Páànù irin tí wẹ́dà wa lè ṣe ní ọ̀sán kan tó láti bo bẹ́líìtì ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́, kí ó má ṣe fa ìró àwọn ìyá wa mọ́. Gíláàsì dúdú ti wẹ́dà gan-an ni kí wẹ́dà lò. Èyí tí a fi ń ṣe fàájì kò lè gba ojú rẹ̀ là. Kí ẹni tí ń gé òkúta máa bu omi sí i, nítorí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ láìsí àtúnṣe.

A mọ ohun tí àwọn ọ̀gá kan yóò wí: ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ pé kí ìkòkò fọ́. Ìkòkò tí ó fọ́ kò jẹ ata mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí a yé fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí fún àìbìkítà wa: kì í ṣe Ọlọ́run ni ó yọ ìbòrí ayùn.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má ṣe bínú sí wa. Lábẹ́ òfin ọdún 1974 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni kò lè rán yín gun òkè láìsí ètò ààbò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń kọ́lé sílé, bíríkìlà yín a máa dúró lórí igi dídè, láìní akoto lórí, láìní bàtà gidi lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 40 lọ. Òṣìṣẹ́ pọ̀ nínú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń fi owó símẹ́ǹtì ránṣẹ́, ẹ fi owó akoto kún un.

Àbá wa fún ẹgbẹ́ yìí kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, kí gbogbo ẹ̀rọ ìlú yìí ní ìbòrí kí ìpàdé ọdún tí ń bọ̀ tó pé, kí ẹgbẹ́ sì yá ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Èkejì, kí ó má ṣe sí ìwé àdéhùn ọmọ iṣẹ́ tí a kò kọ sí inú rẹ̀ ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ náà bí ó bá fara pa. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ ní ìwé kan tí a óò máa kọ gbogbo ìpalára ibi iṣẹ́ sí, kí ọjọ́ 14 má baà tún kọjá lórí ọmọ ẹnikẹ́ni nítorí àìmọ̀.

Bí ẹ bá gba àbá kẹta yìí, a bẹ̀bẹ̀ kí ẹ fún ọmọkùnrin tí a sọ ìtàn rẹ̀ ní iṣẹ́ kíkọ ìwé náà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti ń dán báyìí.

Kí ojú má rìíbi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó bá jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ padà wálé nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú gbogbo ara.